Erédò Sùngbọ́ Lójú Kámẹ́rà

Àwòrán Erédò tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ìwé àti nínú ìwé ìròyìn kò ju irú kan ṣoṣo lọ. Ayàwòrán dúró ní ìsàlẹ̀ yàrà, ó kọjú kámẹ́rà síwájú. Ògiri ilẹ̀ pupa kan dìde lọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn dìde lọ́wọ́ òsì, àwọn méjèèjì sì ń súnmọ́ ara wọn bí wọ́n ti ń jìnnà lọ, títí wọn yóò fi dà bí ẹni tó pàdé nínú òkùnkùn ewé. Igi bo ojú ọ̀run lókè. Bí ènìyàn kan bá wà nínú àwòrán náà, kò tóbi ju àtàǹpàkò ọmọdé lọ. Ẹni tó bá rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yóò gbà pé iṣẹ́ ńlá tó ń ba ènìyàn lẹ́rù ni Erédò. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ṣí àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òfuurufú, tí ó sì wá ibi kan náà, ewé tútù ni yóò rí, àti oko, àti òrùlé páànù, àti ọ̀nà ọ̀dà, àti ewé tútù sí i. Yàrà ti pòórá. Ògiri náà ti pòórá.

Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwòrán méjèèjì. Ibi tí a ti yà wọ́n ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ yìí sì ti nípa lórí ìtàn tí ayé ń sọ nípa Erédò ju bí àwọn akọ̀tàn ti ń jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Erédò Sùngbọ́ ni yàrà àti odi yẹ̀pẹ̀ tí àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Gígùn rẹ̀ lápapọ̀ lé ní 160 kìlómítà. Agbègbè tí ó ká mọ́ tó nǹkan bí 40 kìlómítà láti àríwá dé gúúsù, ó sì tó nǹkan bí 35 kìlómítà láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn. Ìjẹ̀bú-Òde wà nínú rẹ̀. Ní gúúsù, ó wọ agbègbè Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ìlú kan ti ń jẹ́ Erédò títí di òní. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò ṣòro láti ṣàlàyé: wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ tó jáde níbẹ̀ jọ sí etí rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ náà sì di odi. Ilẹ̀ pupa apá ibẹ̀ le, ó sì lè dúró ṣánṣán láìya lulẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ yàrà náà fi dà bí ohun tí a fi ọ̀bẹ gé. Níbi tí ó ga jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà, ìyẹn bí ilé alájà mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ìwé ń pe ọjọ́ orí rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó pẹ́ jù lọ nínú ìwé nípa yàrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wá láti ọwọ́ Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ará Potogí, tó kọ ìwé rẹ̀ láàárín 1505 sí 1508. Ó ní ìlú ńlá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Geebuu, àti pé yàrà ńlá kan yí i ká. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn bóyá Erédò ló ń sọ tàbí odi tó súnmọ́ Ìjẹ̀bú-Òde fúnra rẹ̀. Bó ti wù kí ó rí, ọ̀rọ̀ kan wà nínú gbólóhùn rẹ̀ tí àwòrán ìsàlẹ̀ yàrà kò lè sọ láéláé: pé ó yí i ká. Ẹni tó dúró sínú yàrà kò rí ohun tó yí ìlú ká. Ọ̀nà tóóró kan ló rí.

Kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí kámẹ́rà ṣe ń wo nǹkan, nítorí ìwò rẹ̀ kì í ṣe ìwò gbogbo ayé. Nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ipò ni ó sábà máa ń pinnu ìwọ̀n. Nínú òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkéré láàárín 1910 sí 1914, olorì tó dúró lẹ́yìn ìtẹ́ ga ju ọba tó jókòó lọ, àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ ọba sì kéré púpọ̀. Kò sí ẹni tó máa wò ó tí yóò rò pé ọ̀nà jíjìn ni àwọn ènìyàn kékeré wọ̀nyí dúró sí. Ìlànà mìíràn ni àwọn ayàwòrán ìlú Florence ní Ítálì tẹ̀ lé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Filippo Brunelleschi fi hàn pé bí ojú bá dúró sí ibì kan ṣoṣo, ohun tó jìnnà gbọ́dọ̀ kéré ní ìwọ̀n tí a lè ṣírò, àti pé ìlà tó ń lọ lọ́gbọọgba yóò dà bí èyí tó pàdé ní ọ̀kánkán ojú. Leon Battista Alberti kọ ìlànà náà sínú ìwé ní 1435. Kámẹ́rà ni àrólé ìlànà yìí. Kò mọ ọba yàtọ̀ sí ẹrú. Ẹni tó bá súnmọ́ ọn ló tóbi.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò sábà máa ń rò pé lẹ́ǹsì ló ń yí ìrísí padà. Lẹ́ǹsì kàn ń pinnu bí ohun tó wọ inú àwòrán yóò ti pọ̀ tó ni. Ibi tí ẹsẹ̀ ayàwòrán wà ló ń pinnu bí ohun kan yóò ti tóbi tó sí èkejì. Bí ẹnì kan bá dúró sójú kan, tí ó fi lẹ́ǹsì tó ń wo ibi fẹ̀fẹ̀ ya àwòrán, tí ó sì tún fi lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan súnmọ́ ya òmíràn, àárín ti àkọ́kọ́ yóò bá ti èkejì mu régí bí a bá gé e jáde. Kí ó tó lè yí ìrísí padà, ó gbọ́dọ̀ rìn.

Nínú Erédò, ibi tí ènìyàn lè rìn sí kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú kámẹ́rà onífíìmù tí fọ́tò rẹ̀ gùn tó mílímítà 36, kí a gbé e dúró lóòró, kí a fi lẹ́ǹsì mílímítà 50 sí i, èyí tí àwọn ayàwòrán ń pè ní lẹ́ǹsì gbogbo iṣẹ́. Kí ògiri tó ga ní 20 mítà tó lè wọlé tán láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ayàwòrán gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn ní nǹkan bí 28 mítà. Kò ní tíì dé ibẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi kan ògiri kejì. Bí ó bá lo lẹ́ǹsì mílímítà 24, ó ṣì nílò nǹkan bí 13 mítà. Nítorí náà, ohun méjì ló kù fún un. Ó lè gbé ojú kámẹ́rà sókè, ògiri méjèèjì yóò sì tẹ̀ síwájú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wó lù ú. Tàbí kí ó kọjú sí ibi tí yàrà ń lọ, kí ó sì rí àwòrán ọ̀nà tóóró tí a ti mọ̀. Èkejì rọrùn, ó sì dára lójú. Ìdí nìyẹn tí ó fi gba gbogbo ìwé kan. Ìwọ̀n ibi tí wọ́n gbẹ́ ní àìmọye ọdún sẹ́yìn ló ti yan àwòrán fún ẹni tó gbé kámẹ́rà dé lónìí.

Ọ̀rọ̀ ènìyàn kékeré inú àwòrán náà gba àkíyèsí. Ẹni tó ga ní mítà kan ó lé díẹ̀, ká ní 1.7, ni a fẹ́ fi wọn ògiri 20 mítà. Ògiri náà gbọ́dọ̀ ga tó ìlọ́po méjìlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò rí bẹ́ẹ̀ àfi bí ẹni náà bá fara kan ògiri tí a fẹ́ wọ̀n. Bí ó bá rìn lọ 30 mítà sínú yàrà, tí ògiri tí a ń wò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà ní mítà mẹ́ta péré, ògiri náà yóò ga dé ọ̀run, ẹni náà yóò sì dà bí èèrà. Odi tó ga ní mítà mẹ́fà lè jọ èyí tó ga ní 20 lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, bí ẹni náà bá dúró súnmọ́ kámẹ́rà, tí ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, odi ńlá lè dà bí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí kíláàsì rẹ̀ mọ bí a ṣe ń fi ọgbọ́n ka àwòrán gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìtàn lè fi ìbéèrè kan ṣoṣo yìí bẹ̀rẹ̀: níbo ni ẹsẹ̀ ẹni náà wà?

Kí ó tó di pé àwòrán yàrà náà gbajúmọ̀, ẹsẹ̀ àti máàpù ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ní 1959, onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn tí ń jẹ́ P. C. Lloyd kọ àpilẹ̀kọ kan nípa Erédò Sùngbọ́ sínú Odù, ìwé ìròyìn ìjìnlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1955 fún ẹ̀kọ́ nípa Yorùbá. Máàpù ní àǹfààní kan tí fọ́tò kò ní: kò sí ibi tí ẹni tó yà á dúró sí. Gbogbo ibi ló ń wò lọ́gbọọgba láti òkè, kò sí ohun tó súnmọ́, kò sí ohun tó jìnnà. Ó sì ní àléébù tirẹ̀, nítorí ìlà dúdú kan lórí bébà kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù.

Bàálù ló yẹ kí ó so méjèèjì pọ̀. Ní 1858, ará Faransé tí ń jẹ́ Nadar gun bàlúùnù ńlá, ó sì ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè nítòsí Paris. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ológun fi bàálù ya àwòrán yàrà ọ̀tá, ọ̀kan nínú àwọn tó bá wọn fò sì ni O. G. S. Crawford, ará Bìrìtìkó. Lẹ́yìn ogun, Crawford lo ìmọ̀ náà fún ìwalẹ̀pìtàn, òun àti Alexander Keiller sì tẹ ìwé àwòrán bàálù jáde ní 1928 lórí gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun méjì ni wọ́n gbójú lé. Èkíní ni òjìji. Bí oòrùn bá wà lókè orí, ilẹ̀ tó ṣe gbágungbàgun yóò dà bí pẹrẹsẹ. Ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, òkìtì tí kò ga ju orúnkún lọ yóò ta òjìji gígùn, ẹni tó wà nínú bàálù yóò sì rí odi àtijọ́ tí àgbẹ̀ tó ń ro oko lórí rẹ̀ kò kíyè sí. Èkejì ni irúgbìn. Ohun ọ̀gbìn tó hù lórí yàrà tó ti dí máa ń ga, ó sì máa ń dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ jìn, ó sì ń gba omi dúró.

Ọgbọ́n yìí bá ilẹ̀ pápá mu. Ọ̀yọ́-Ilé, tí odi rẹ̀ jẹ́ kókó ìròyìn tí Robert Soper àti Patrick Darling tẹ̀ jáde ní 1980, wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí igi ti fọ́nká tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ sì máa ń jó koríko lọ́dọọdún. Ìjẹ̀bú kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ Ìjẹ̀bú-Igbó nìkan ti sọ irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí àlejò tó dé. Gẹdú ni àwọn ènìyàn fi mọ agbègbè náà fún ìgbà pípẹ́, Igbó Ọmọ́ tó wà níhà ìlà-oòrùn sì wọ ìwé àjọ UNESCO gẹ́gẹ́ bí igbó àdáyébá tó yẹ ní dídáàbòbò ní 1977. Igi ẹgàn lè ga kọjá 30 mítà. Bí irú rẹ̀ mẹ́ta bá hù létí yàrà, tí ẹ̀ka wọn sì pàdé, odi tó ga ní 20 mítà ti wọ abẹ́ agboòrùn nìyẹn.

Ìgbó nìkan kọ́ ló fà á. Ẹ wo ìṣirò yìí. Bàálù tó ń ya ilẹ̀ fún máàpù, tó ń fò ní 3,000 mítà pẹ̀lú lẹ́ǹsì mílímítà 152, yóò mú àwòrán jáde tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 20,000. Yàrà tó fẹ̀ ní 20 mítà yóò di mílímítà kan lórí bébà. Gíga rẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá wà ní ọ̀kánkán ìsàlẹ̀ bàálù, gíga rẹ̀ di òfo. Àwọn tó ń ya máàpù mọ èyí, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ya àwòrán méjì tó gun ara wọn, kí wọ́n lè wò wọ́n pọ̀ bí ojú méjì ti ń wo nǹkan, kí jíjìn àti gíga lè padà wá. Síbẹ̀, gíga ewé ni ojú méjèèjì yóò rí. Ìyẹn ni pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ rí gíga, kò rí òbírí. Ẹni tó wà lókè yẹ kí ó rí òbírí, igbó kò jẹ́. Gíga sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó gbéra.

Ìwò láti òkè ní ẹ̀tàn mìíràn tí kò kan igi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ayàwòrán-ilé ará Netherlands, Rem Koolhaas, wo Èkó láti inú hẹlikọ́pútà, ó sì rí i pé ohun tó dà bí rúdurùdu nísàlẹ̀ ní ètò tó ń wuni lójú bí a bá wò ó láti òkè. Matthew Gandy kọ̀wé takò ó ní 2005 pé irú ìwò bẹ́ẹ̀ gbàgbé ìtàn àti ìṣèlú tó sọ Èkó di bó ṣe wà. Ẹni tó ti dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gbà rí kò nílò ìwé láti mọ apá tí ó tọ̀nà nínú àríyànjiyàn yẹn.

Lórí Erédò, ibi ìdúró ti pinnu ohun tí àwọn ènìyàn rò pé wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Ẹni tó bá dúró ní ìsàlẹ̀ yàrà, tó gbójú sókè wo ògiri, yóò sọ pé ogun ni. Ta ni yóò gun ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́? Ẹni tó bá jókòó ti máàpù yóò bẹ̀rẹ̀ ìṣirò mìíràn. Bí olùṣọ́ kan bá dúró ní gbogbo 100 mítà, 160 kìlómítà ń fẹ́ 1,600 olùṣọ́ ní àkókò kan náà, ní ọ̀sán àti ní òru, nínú igbó. Ìlú wo ló ní agbára bẹ́ẹ̀? Yóò sọ pé ààlà ni, tàbí ọ̀nà láti darí àwọn oníṣòwò gba ẹnubodè tí wọn yóò ti san owó. Ìtàn ìgbà ẹ̀yìn fún un ní ẹ̀rí díẹ̀, nítorí pípa ọ̀nà òwò mọ́ tí àwọn Ìjẹ̀bú ń ṣe wà lára ohun tó fa ogun Ìmàgbọn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù karùn-ún ọdún 1892. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nísàlẹ̀ yàrà náà ní èsì: odi kò nílò olùṣọ́ níbi gbogbo bí ó bá lè dá ọ̀tá dúró tó kí ìròyìn tó dé ìlú. Èrò méjèèjì lágbára, kò sì sí èyí tí ó pọn dandan kí ó lé èkejì jáde. Ohun tó dájú ni pé àwọn tó gbẹ́ ẹ kò ní bàálù, wọn kò sì ní máàpù, síbẹ̀ òbírí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè rí pé lẹ́ẹ̀kan wà lọ́kàn wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1999 ni Erédò wọ ìròyìn àgbáyé. Patrick Darling, tó ti ń rin odi Ẹdó láti àwọn ọdún 1970, tó sì wà ní Yunifásítì Bournemouth nígbà náà, sọ ohun tí òun rí nínú igbó Ìjẹ̀bú fún àwọn oníròyìn. Ó ṣírò pé yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó níbẹ̀ tó mítà oníhàmẹ́fà mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀, ó sì fi nǹkan bí mílíọ̀nù kan ju ìwọ̀n Pírámíìdì ńlá Gíísà lọ. Ìfiwéra yẹn yẹ ní gbígbé wò dáadáa. Pírámíìdì wà lórí iyanrìn gbalasa. Nígbà tí Francis Frith gbé kámẹ́rà onígíláàsì rẹ̀ dé Íjíbítì ní ìparí àwọn ọdún 1850, ó lè fà sẹ́yìn bí ó ti wù ú títí gbogbo rẹ̀ yóò fi wọ inú àwòrán kan. Àwòrán kan yẹn tó fún ọmọ ilé-ìwé ní ibikíbi láyé láti mọ pírámíìdì. Kò sí ibi tí a lè fà sẹ́yìn dé tí Erédò yóò fi wọ inú àwòrán kan. Ìdí kan nìyí, yàtọ̀ sí àìbìkítà ayé sí ilẹ̀ Áfíríkà, tí iṣẹ́ tó gba yẹ̀pẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò fi lókìkí.

Nígbà tí àwòrán kò lè sọ ìtàn tán, orúkọ ni àwọn oníròyìn dì mú. Àtọwọ́dọ́wọ́ Ìjẹ̀bú sọ pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, Bílíkísù Sùngbọ́, ló mú kí wọ́n gbẹ́ Erédò kí orúkọ òun má bàa parun. Ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Èrì, níbi tí àwọn Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ti ń ṣe àbẹ̀wò. Bílíkísù sì ni orúkọ tí àwọn òǹkọ̀wé Mùsùlùmí fún Ọbabìnrin Ṣébà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìwé ìròyìn ti ń bi ara wọn bóyá ààfin Ṣébà ni wọ́n rí nínú igbó Nàìjíríà. Darling fúnra rẹ̀ ṣọ́ra lórí ọ̀rọ̀ náà. Sólómọ́nì tí ọbabìnrin náà bẹ̀ wò jọba ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹwàá ṣáájú ìbí Jésù. Bí a bá tilẹ̀ gba ẹgbẹ̀rún ọdún tí ìwé ń pe Erédò, àlàfo tó wà láàárín méjèèjì lé ní 1,500 ọdún. Àwòrán ọ̀nà tóóró pẹ̀lú òkùnkùn ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ran ìtàn yẹn lọ́wọ́ púpọ̀. Ó dà bí ẹnu ọ̀nà sí àṣírí kan. Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ sórí odi tó ti wó ni wọ́n tẹ̀, bóyá Ṣébà ì bá má yọjú.

Láti ìgbà náà, ohun èlò ti yí padà. Google Earth jáde ní 2005, ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà sì di ẹni tó lè fò lórí Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè láìkúrò nílé. Ewé ni ó ń rí. Ohun tó lè la ewé kọjá ni ìmọ́lẹ̀ lésà tí wọ́n ń pè ní lídà. Bàálù máa ń ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìtànṣán lésà sísàlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Púpọ̀ nínú wọn kan ewé, wọ́n padà, ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń gba àárín ewé dé ilẹ̀. Bí a bá yọ àwọn tó kan ewé kúrò, ilẹ̀ nìkan ló kù, bí ẹni pé wọ́n ti gé gbogbo igbó náà láìgé igi kan. Ní 2009, wọ́n lò ó lórí Caracol, ìlú àtijọ́ àwọn Maya ní Belize, ó sì fi ọ̀nà àti ebè oko hàn ní ibi tí wọ́n ti fi àdá la igbó fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni irú ilẹ̀ tí ohun èlò yìí wà fún.

Síbẹ̀, ẹni tó bá rò pé lídà kò ní ibi ìdúró ti gbàgbé ohun kan. Nọ́ḿbà ni ó ń mú wá, kì í ṣe àwòrán. Kí ojú tó lè rí nǹkan nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ dá oòrùn kan sílẹ̀, kí ó ta òjìji fún òkè àti yàrà. Àṣà àwọn tó ń ya máàpù ni láti fi oòrùn àtọwọ́dá náà sí àríwá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn tòótọ́ kì í ti í ràn sórí Ìjẹ̀bú ní àárọ̀. Odi tó bá lọ lọ́gbọọgba pẹ̀lú ìtànṣán náà kò ní ta òjìji, ojú sì lè fò ó dá. Ọgbọ́n Crawford ni, òun náà sì ni àléébù Crawford.

Àkókò kò sì dúró. Erédò àti odi Ẹdó wọ àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1995, ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà. Gérard Chouin àti Adisa Ogunfolakan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn tó so Ifẹ̀ pọ̀ mọ́ Erédò ní àárín àwọn ọdún 2010, wọ́n sì yẹ apá Erédò àti Ìlárá wò nítòsí Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀dà ti gé odi já níbi púpọ̀, ilé ń súnmọ́ ọn, òjò ń fọ etí rẹ̀ sínú yàrà. Fọ́tò tí a yà lónìí yóò wúlò ní ogún ọdún sí i bí ẹlòmíràn bá lè padà sí ojú ibẹ̀ gan-an kí ó ya òmíràn, kí ó sì wo iye tó ti wó.

Ohun tí èyí ń fẹ́ kò ju agbára ilé-ìwé gíga kan ní Òru tàbí ní Àgọ́-Ìwòyè lọ. Ọ̀pá mítà méjì tí a kùn ní pupa àti funfun, kí a fi ti ògiri, kí ẹnikẹ́ni má gbé e síwájú tàbí sẹ́yìn nítorí ẹwà. Ọjọ́ àti wákàtí. Ìhà tí kámẹ́rà kọjú sí. Ibi tí ayàwòrán dúró sí, kí a wọ̀n ọ́n láti ara òkúta tàbí igi tí kò ní kúrò. Àwòrán kan, kí ó gbé ẹsẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́, kí ó ya èkejì, kí àwọn tó ń bọ̀ lè fi méjèèjì wo jíjìn rẹ̀. Òwúrọ̀ ló dára jù, nígbà tí oòrùn ń gba àárín igi wọlé ní ẹ̀gbẹ́, nítorí ní ọ̀sán gangan ìmọ́lẹ̀ tó ń kán sílẹ̀ yóò sọ ògiri di àbàwọ́n funfun àti dúdú.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gun orí odi. Àwòrán láti ibẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nítorí kò dára lójú: ewé bo iwájú, ìlà kankan kò pàdé, yàrà dà bí ihò lásán nísàlẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ẹni tó ni ilẹ̀ dúró sí, tí ó kọjú sí òde. Gbogbo àwòrán tí ayé ní láti ìsàlẹ̀ yàrà, ojú ẹni tó ń bọ̀ láti òde ni wọ́n fi yà á.